Ìwọ̀nba Aṣọ fún Ìgbà Kọ̀ọ̀kan: Bí Aṣọ Rírà àti Aṣọ Àfọwọ́ṣe Ṣe Lè Bára Mu nínú Àpótí Olùkọ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí fi hàn pé aṣọ kì í ṣe ohun ìbora lásán láwùjọ Yorùbá. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tuntun a máa náwó sórí aṣọ ju bí agbára wọn ti mọ lọ. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, wọn a dúró ti àpótí tó kún bámúbámú, wọn a ní àwọn kò rí aṣọ wọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe iye aṣọ ló ń mú kí aṣọ tó ni, bí kò ṣe bí ẹyọ kan ṣe lè bá òmíràn rìn, àti bí gbogbo wọn ṣe bá ìgbà mu.

Èrò yìí kò ṣàjèjì ní òkè òkun. Susie Faux, obìnrin tó ní ilé ìtajà aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló jẹ́ kí ó gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1985, Donna Karan gbé ìwọ̀nba ẹyọ aṣọ méje tó ń bára wọn rìn jáde ní New York. Ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣírò tiwọn níbẹ̀. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ti ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ìṣirò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ìpín Aṣọ nínú Àṣà

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn àgbà pín aṣọ sí: aṣọ iṣẹ́, aṣọ ìyílé àti aṣọ ìmúròde. Kíjìpá tó ki, tó sì lágbára, wúlò fún iṣẹ́ oko. Sányán, àlàárì àti ẹtù sì jẹ́ ti òde ńlá. Lẹ́yìn ìpín yìí, ó yẹ kí a kíyè sí i pé ẹlẹ́yọ-ẹyọ ni ìwọṣọ Yorùbá. Obìnrin ní bùbá, ìró, gèlè àti ìborùn. Ọkùnrin ní bùbá, ṣòkòtò, fìlà àti agbádá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè kúrò lára èkejì rẹ̀ kí ó lọ bá òmíràn.

Àṣà aṣọ ẹbí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé èyí. Bí wọ́n bá ti ra áńkárá tàbí léèsì fún ìnáwó kan, wọn a rán an tòkè tilẹ̀, wọn a sì gbà pé kò ṣeé yà. Ẹni tó ní irú rẹ̀ mẹ́fà, ọ̀nà mẹ́fà péré ló ní láti gbà múra. Bí ọ̀kan bá sì ya, gbogbo rẹ̀ ló di àkísà.

Ìgbà Òjò àti Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ìgbà òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, a sì máa parí ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Omi àti ẹrẹ̀ ni ọ̀tá aṣọ nígbà yìí. Òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa tètè gbẹ; òfì tó nípọn kì í tètè gbẹ, bí wọ́n bá sì ká a pa mọ́ ní tútù, yóò bu, yóò sì máa rùn. Ìró tó ń wọ́lẹ̀ yóò máa fa ẹrẹ̀. Èyí tó sinmi sókè ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ.

Ní àsìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ a máa tutù, ọ̀sán a sì máa gbóná, eruku a sì bo gbogbo nǹkan. Aṣọ tó ṣeé gbé lé ara wọn ló bá a mu: bùbá fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, ìborùn òfì lókè ní òwúrọ̀, èyí tí ènìyàn lè ká sápá nígbà tí oòrùn bá mú. Aṣọ dúdú tí kò lọ́nà a máa fi eruku hàn. Àdìrẹ ọlọ́nà kì í tètè fi í hàn. Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ, tí ooru dé, ìborùn yóò padà sínú àpótí, òwú funfun yóò sì gba ipò rẹ̀.

Èyí Tí Ó Yẹ ní Rírà àti Èyí Tí Ó Yẹ ní Ṣíṣe

Àwọn kan rò pé ọ̀tá ni aṣọ rírà àti aṣọ àfọwọ́ṣe. Àdìrẹ fúnra rẹ̀ já èrò náà ní koro. Aṣọ funfun tí àwọn oníṣòwò kó wá láti òkè òkun ni àwọn aláró Abẹ́òkúta rà, tí wọ́n fi ìko dì, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ọjà ló pèsè aṣọ, ọwọ́ ló pèsè ẹwà.

Ìlànà kan náà ni àpótí olùkọ́ lè tẹ̀ lé. Kí ó ra ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa: àwọ̀tẹ́lẹ̀, bùbá aláìlọ́nà, súwẹ́tà àti aṣọ òjò. Kí ó fi owó iṣẹ́ ọwọ́ sórí ìwọ̀nba ẹyọ tí yóò fún ìyókù lójú, bí àdìrẹ láti Ìtòkú tàbí ìborùn òfì láti Ìṣẹ́yìn. Bí aró ẹ̀lú bá ṣá, aláró lè tún un rẹ. Bí okùn tó so àwọn ojú òfì pọ̀ bá já, aránṣọ lè tún un so. Kí olùrà ṣọ́ra, nítorí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí wà lọ́jà. Lára èyí tí ọwọ́ ṣe, ọnà kan kì í jọ èkejì rẹ̀ déédéé.

Àpẹẹrẹ Kan

Jẹ́ kí olùkọ́ obìnrin kan ní bùbá mẹ́rin: funfun kan, aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ kan, àdìrẹ kan, áńkárá kan. Jẹ́ kí ó ní ìró mẹ́ta: aláró aláìlọ́nà kan, aláwọ̀ eérú kan, àdìrẹ kan tó bá bùbá àdìrẹ mu. Ẹyọ méje nìyẹn. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá. Ṣùgbọ́n bùbá áńkárá lórí ìró àdìrẹ yóò pariwo jù, nítorí ọnà méjì yóò máa bára wọn jà. A yọ ọ̀kan, ó ku mọ́kànlá. Mọ́kànlá yìí ju ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ní ìgbà òjò, súwẹ́tà àti aṣọ òjò ni yóò fi kún un. Ní ọyẹ́, yóò fi ìborùn òfì rọ́pò aṣọ òjò. Ẹyọ méje náà kò yí padà. Olùkọ́ ọkùnrin tó ní bùbá mẹ́ta, ṣòkòtò méjì àti fìlà méjì tí àwọ̀ wọn bára mu ní ọ̀nà méjìlá.

Ìgúnlẹ̀

Ẹni tó bá ṣètò báyìí kò ní láti kọ aṣọ ẹbí. Ó kàn lè yan áńkárá ìnáwó náà ní bùbá nìkan, kí ó bá ìró tó wà nílé rìn. Owó tó bá kù ni yóò lè fi san iye tó tọ́ fún ahunṣọ àti aláró, tí kò fi ní máa nájà iṣẹ́ ọwọ́ wọn bí ẹni ń ra èlùbọ́ ọjà alẹ́. Àwọn àgbà ní gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò sì dùn bí kó yẹni. Yíyẹ yẹn ni ìṣirò ẹyọ méje ń wá.

Ìdánrawò

1. Kọ gbogbo aṣọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ní ẹlẹ́yọ-ẹyọ, kí o sì ṣírò iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bára wọn rìn.
2. Dárúkọ ẹyọ mẹ́ta tí kò bá òmíràn kankan lọ nínú wọn, kí o sì sọ ìdí.
3. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àdìrẹ oníko àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ.