Ọ̀fìnkìn Ọmọdé Kò Fẹ́ Abẹ́rẹ́

Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọn ìyá ọmọ ló ń fi í ṣèwà hù jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìyá kan ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ikun kún imú ọmọ, ó ń húkọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú, ó sì ń fa yẹtí ìyá rẹ̀ ṣeré. Nọ́ọ̀sì ká aṣọ ọmọ sókè, ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀, ó fi aago ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Màmá, ọ̀fìnkìn lásán ni. Ẹ máa fún un lọ́mú dáadáa, ẹ máa nu imú rẹ̀. Kò gba oògùn." Ìyá pòṣé: "Wọn ò ṣe nǹkan kan fún wa!" Ó di ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n di áńtíbáyọ́tíìkì àti oògùn ikọ́ fún un, wọ́n tún ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù.

Inú ṣì ń bí mi. Èémí tí nọ́ọ̀sì kà yẹn, àyẹ̀wò gidi ni! Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ni pé bí ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá bá mí tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí a fura sí òtútù àyà. Ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, 40. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí àyà rẹ̀ kò sì wọnú, kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, áńtíbáyọ́tíìkì kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Inú ọmọ ló lè dà rú, títí yóò fi máa yàgbẹ́ gbuuru.

Àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal, láti 1896 ló ti wà, àìsàn mìíràn sì lè mú kó sọ pé tàífọ́ọ̀dù ni. Mi ò ní kí a sá fún àyẹ̀wò o. Bí ara ọmọ bá gbóná, kí wọ́n gún un níka wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni, kó tó lo oògùn ibà. Láti 2010 ni WHO ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Èsì ìyẹn ló ń sọ oògùn tó yẹ fún wa.

Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò sì tọ̀nà tán. Owó wà nínú ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì: ọdún gbọọrọ ló fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn ní kí ìyá ọmọ máa lọ. Ẹ jẹ́ kó bá yín ka èémí ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọ̀fìnkìn lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí kò lè mu ọmú mọ́, tàbí tí gìrì mú un, kó sáré gbé e padà, ì báà jẹ́ lóru. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì tí ara rẹ̀ gbóná, kí ìyá rẹ̀ má tilẹ̀ dúró wò ó rárá.