Ìdin Tó Yẹ Ọmọńlé Ẹkùn

Ọjà Ọba wà ní àárín gbùngbùn Ìlú Benin, lẹ́bàá Ring Road, kò sì jìnnà sí ààfin. Ekiọba ni àwọn Ẹdó ń pè é. Bí ẹ bá ń rìn kiri nínú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ lè pàdé abọ́ kan tí àwọn nǹkan funfun kan ń rá pálá nínú rẹ̀. Ara wọn rọ̀, wọ́n sanra, orí wọn sì pọ́n rúsúrúsú. Orhu ni Ẹdó ń pè é. Àwa Yorùbá ń pè é ní ìtun, ìyẹn ìdin inú ọ̀pẹ. Wọ́n ń dín in. Wọ́n ń fi igi gún un, wọ́n á sun ún bíi súyà. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí mọ ìdí tí abọ́ náà kì í fi í pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan dúró ti abọ́ náà, tí ìyá tó ń tà á sì gbọ́ Yorùbá.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa àwọn kéékèèké inú ẹ̀.”

“Kéékèèké kẹ̀? Àwọn tó tóbi ló lọ́ràá, ọmọ mi.”

“Èmi kọ́ ni màá jẹ ẹ́, mà. Ọmọńlé mi ni.”

“Ọmọńlé wo? Èyí tí à ń fi ìgbálẹ̀ lé?”

Ẹ má bínú sí ìyá náà. Nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ọmọńlé bá yọ lára ògiri, ariwo ló ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ti ọmọkùnrin yìí kì í gun ògiri, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ibi tó ń dán. Leopard gecko ni àwọn Òyìnbó ń pè é, nítorí pé ara rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, àmì dúdú sì kún un bíi ti ẹkùn. Ọmọńlé ẹkùn la ó máa pè é níbí. Ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ní Pakistan, Afghanistan àti apá kan Íńdíà ni ìran rẹ̀ ti wá. Ó ní ìpéǹpéjú, ó sì lè pa ojú dé sùn, ohun tí ọmọńlé ara ògiri wa kò lè ṣe. Inú ìrù rẹ̀ ló ń tọ́jú ọ̀rá sí, bí ràkúnmí ṣe ń tọ́jú tirẹ̀ sínú iké ẹ̀yìn. Bí ìtọ́jú bá péye, ó lè lo ọdún 15 sí 20 lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín.

Ó ní ìbátan kan ní ilẹ̀ wa níbí. Ọmọńlé onírù-sísanra ni, ó sì wà láti Senegal títí dé Cameroon. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń sìn nílé ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, láti Ghana, Togo àti Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti kó ìran wọn lọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹranko tí ọmọdé Amẹ́ríkà ń fi owó gọbọi rà, àwa ni à ń fi bàtà lé. Ohun tí a bá sọ nípa oúnjẹ ọmọńlé ẹkùn bá ìbátan rẹ̀ yìí náà mu.

Àwọn méjèèjì kì í jẹ ewé, wọn kì í jẹ èso. Ẹ má fún wọn ní ẹ̀bà, ẹ má fún wọn ní ìrẹsì. Kòkòrò tó wà láàyè ni oúnjẹ wọn. Bí kò bá mira, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wò ó rárá.

Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, worm, ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún ohun tí àwa fi orúkọ mẹ́ta pè. Ìdin ni ọmọ kòkòrò tí kò tíì dàgbà: yóò di eṣinṣin, tàbí labalábá, tàbí kòkòrò ẹlẹ́yìn líle. Ekòló ń gbé inú ilẹ̀, ekòló ni yóò sì jẹ́ títí yóò fi kú. Aràn ni tinú ikùn, kò sì bá ọ̀rọ̀ wa tòní mu, àfi bí oúnjẹ ìdọ̀tí bá gbé e wọ inú ọmọńlé náà.

Ṣé ìtun yẹ ọmọńlé ẹkùn? Rárá o. Ẹ wo bí ìtun ṣe ń dàgbà. Ìyá rẹ̀, kòkòrò dúdú onímú gígùn, á wá ọ̀pẹ tí wọ́n ti dá lọ́gbẹ́ tàbí tí wọ́n ti gé lulẹ̀, á yé ẹyin sí i. Bí ẹyin bá pa, ìdin á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu họ ọ̀nà kọjá nínú igi. Ní iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó ń jẹ́ NIFOR, tó wà lẹ́yìn Ìlú Benin láti ọdún 1939, ọ̀tá ọ̀pẹ ni wọ́n ka kòkòrò yìí sí. Ẹnu tó lè họ igi ọ̀pẹ, ẹ fojú inú wo ohun tí yóò ṣe fún ọ̀fun ẹranko tí gbogbo ara rẹ̀ kò gùn ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Èyí tó bá dàgbà nínú wọn nípọn tó àtàǹpàkò, bẹ́ẹ̀ ìdin tó bá fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú ọmọńlé méjèèjì lọ ti tóbi jù fún un. Ọ̀rá tí ìyá ọlọ́jà ń polówó ni wàhálà kejì. Ìrù ọmọńlé yóò wú, ọ̀rá yóò sì dì mọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe ìtun, ẹnì kan lè ní kí a máa ṣa ìdin inú ẹ̀wà tàbí inú èlùbọ́ tó ti bàjẹ́. Ó dà bí ọgbọ́n, kò sì ná wa ní nǹkan kan. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, nítorí kì í ṣe orúkọ ìdin ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ìdin jẹ ni. Ikùn ìdin ni ikùn ọmọńlé. Àwọn oníṣòwò kan a máa da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Dichlorvos ni orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì mọ̀ ọ́n sí Sniper. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn yìí. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké káàkiri. Kòkòrò tó bá rá jáde láàyè nínú irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ lè gbé májèlé náà sára. Ènìyàn yóò fọ ẹ̀wà, yóò sè é, ṣùgbọ́n ọmọńlé yóò gbé tirẹ̀ mì bẹ́ẹ̀ ni.

Ìtàn kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó fi hàn pé ìdin tí gbogbo ayé mọ̀ dáadáa lè ṣe ènìyàn léṣe. Èkùkù ni ìdin náà, àwọn ìran rẹ̀ ló ń hun ilé tí a ti ń rí òwú sányán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti bíi ọdún 1950 síwájú, àìsàn kan máa ń bá àwọn ènìyàn ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lásìkò òjò. Ara wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ní ọdún 1993, Bode Adamolekun, dókítà ní Ilé-Ifẹ̀, kọ ọ́ jáde pé èkùkù tí wọ́n jẹ ló fà á. Ohun kan wà nínú ìdin náà tí ń ba fítámì B1 jẹ́, iná kò sì tètè borí rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé gààrí àti fùfú nìkan ló ń jẹ, tí fítámì náà kò pọ̀ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló ń kó sí i. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní fítámì B1, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Nítorí náà, èkùkù kò sí lára oúnjẹ ọmọńlé wa, yàtọ̀ sí pé irun ara rẹ̀ ń yúnni. Tanátaná tí ń mọ́lẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú, ẹ mú un kúrò. Ẹyọ kan lára irú rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ti tó láti pa aláǹgbá.

Èwo ló wá kù? Ẹ̀yà ìdin méjì ni mo fara mọ́ jù.

Àkọ́kọ́ ni ìdin eṣinṣin dúdú kan tó rí bí agbọ́n. Àwọn olùsìn ẹja àti olùsìn adìyẹ ní Nàìjíríà ti ń sìn ín fún oúnjẹ ẹran wọn. Ó ní kálísíọ̀mù lára ju ìdin yòókù lọ, kálísíọ̀mù sì ni egungun ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi olùsìn náà pé kí ló fi ń bọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ èèpo èso àti ẹ̀fọ́, ẹ rà á.

Èkejì ni ìdin ìyẹ̀fun, tí ènìyàn lè sìn nílé. Ike fífẹ̀ kan ti tó. Ẹ da eèrí tí kò ní oògùn sí i, ẹ fi kárọ́ọ̀tì díẹ̀ lé e kí wọ́n lè rí omi mu lára rẹ̀. Omi gan-an kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, pàápàá nígbà òjò ní Benin, torí eèrí náà yóò bu, yóò sì máa rùn. Àwọn kan nínú wọn yóò di kòkòrò dúdú. Ẹ má lé wọn dànù, àwọn ni ìyá tí yóò yé ẹyin. Ẹ̀yìn ìdin yìí le díẹ̀, nítorí náà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, tó funfun, ló rọrùn jù fún ọmọńlé kékeré.

Ìdin afárá oyin, tí ń ba ilé oyin jẹ́ fún àwọn olùsìn oyin, dùn mọ́ ọmọńlé bí ṣúgà ṣe ń dùn mọ́ ọmọdé. Ọ̀rá ló kún un. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú. Ìrẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìdin kọ́ ni. Ekòló láti ilẹ̀ mímọ́ kò burú pẹ̀lú.

Ìdin ìyẹ̀fun ní àlébù kan: fọsifọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ju kálísíọ̀mù lọ, bẹ́ẹ̀ ìdàkejì ni ọmọńlé ń fẹ́, bíi méjì sí ọ̀kan. Bí a kò bá tún un ṣe, egungun á rọ̀, àgbọ̀n á tẹ̀, ẹsẹ̀ á wọ́. Ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè. Ẹ da ìdin sínú rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ìyẹ̀fun náà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ fún yín ní egungun lílọ̀ dípò rẹ̀, torí fọsifọ́rọ́ọ̀sì ló tún wà nínú ìyẹn. Fítámì D3 náà pọn dandan, nítorí ẹranko tó ń sùn lọ́sàn-án kò rí oòrùn tó, àwọn tó ń ta oògùn ẹran sì lè ràn yín lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà tí ẹ ó fi ìdin bọ́ ọmọńlé, ẹ bọ́ ìdin náà ní ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì kó yó.

Ọmọńlé tó ṣì kéré ń jẹun lójoojúmọ́. Àgbà ń jẹ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, torí ìgbà náà ló ń jí. Ẹ fi ìdin sínú abọ́ tó ń dán kí wọ́n má baà rá jáde, kí ẹ sì kó èyí tó bá kù kúrò lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí abọ́. Ọmọkùnrin wa ti gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì ní kó ṣa ìtun mẹ́fà tó tóbi jù fún òun.

“Ṣé ọmọńlé ti wá fẹ́ àwọn ńlá báyìí?”

“Rárá o, mà. Màámi ló fẹ́ dín in. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta kárọ́ọ̀tì?”