Jákẹ́ẹ̀tì Awọ Àgùntàn Ayé Ogun: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí A Tó Sanwó

Jákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo rà já mi kulẹ̀ lójú ọjà. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní pápá kan létí ìlú London tí àwọn èèyàn ti ń ta àlòkù láti inú bùùtù mọ́tò. Ẹni tó ń tà á sọ pé bàbá bàbá òun ló wọ̀ ọ́ fò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìtàn náà dùn, mo sanwó, mo sì wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe gbé apá sókè láti mọ̀ bóyá ó bá mi mu, abẹ́ abíyá ya fààà bí ìwé ìròyìn àtijọ́. Awọ náà ti kú tipẹ́. Ìtàn ni mo rà. Láti ọjọ́ náà, n kì í tẹ́tí sí ìtàn ẹnikẹ́ni títí n ó fi yẹ ọjà wò tán. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. Ti àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn RAF, ni wọ́n ń pè ní Irvin. Leslie Irvin jẹ́ ará Amẹ́ríkà tó bẹ́ látinú ọkọ̀ òfurufú lọ́dún 1919, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí paraṣúùtì rẹ̀ lójú ọ̀run. Ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1926, ó sì gbé jákẹ́ẹ̀tì yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Òtútù ló fà á. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ní ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan, òtútù ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius le sí i. Bí ilẹ̀ bá wà ní 15, ẹni tó wà ní 6,000 mítà wà nínú òtútù tó tó 24 nísàlẹ̀ òdo. Irun àgùntàn tó wà nínú ló ń há afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ ara. Nítorí náà, irun tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ tàbí tó ti pá ń dín iye owó kù.

Irvin kò ní àpò rárá. Ó ní síìpù níwájú, síìpù lọ́wọ́ apá méjèèjì, ìgbànú, àti kọ́là ńlá. Jákẹ́ẹ̀tì B-3 ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1934, ní àpò kan ṣoṣo lápá ọ̀tún àti okùn awọ méjì lọ́rùn. Bí ẹ bá rí àpò lára Irvin, ẹnì kan ló rán an mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ó kan awọ. Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù, torí ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo abíyá, ìgúnpá, ẹ̀yìn ọrùn àti ìsàlẹ̀ síìpù, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ fi ìka méjì di etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Awọ tó ṣì ní ẹ̀mí á tẹ̀, á sì padà láìpariwo. Èyí tó ti kú á dún bí ewé gbígbẹ, ẹ ó sì rí ilà tín-tìn-tín tó ń lanu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nù ún níbi tó fara sin. Bí aṣọ náà bá di búráùn tàbí tí òróró bá lẹ̀ mọ́ ọn, a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan pa á kó lè dán. Òróró kì í jí awọ tó ti kú. Ńṣe ló ń bo ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wo síìpù. Lára Irvin ayé ogun, ẹ lè rí orúkọ AERO, DOT tàbí Lightning. Síìpù oníke tàbí YKK kì í ṣe ti ìgbà yẹn, àmọ́ síìpù tí wọ́n pààrọ̀ kò sọ jákẹ́ẹ̀tì di ayédèrú, torí síìpù ló máa ń tètè bàjẹ́. Ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa. Ihò abẹ́rẹ́ kì í padé lára awọ bíi ti aṣọ. Bí ẹ bá rí ìlà ihò àtijọ́ tí kò sí òwú nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí wọ́n rán báyìí, síìpù kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iye owó á dín, ojúlówó ṣì ni.

Ẹ má jẹ́ kí ojú rírán púpọ̀ dẹ́rù bà yín. Àwọn ti ìṣáájú jẹ́ ègé awọ ńláńlá. Bí ogun ṣe ń le ni wọ́n ń so ègé kéékèèké pọ̀. Ti ìṣáájú ló sábà máa ń wọ́n jù.

Lébẹ́ẹ̀lì wà nínú, lábẹ́ kọ́là. Ẹ wá AM (ìyẹn Air Ministry) pẹ̀lú adé lórí rẹ̀, àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22C. Púpọ̀ ti já dànù, ìyẹn kò burú. Lébẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tónítóní tí wọ́n fi òwú tuntun rán mọ́ awọ tó ti gbó ló yẹ kó dẹ́rù bà yín. Eastman ní Devon àti Aero Leather ní Galashiels ń rán irú rẹ̀ tuntun lórúkọ ara wọn, iṣẹ́ wọn sì dára. Àwọn oníjìbìtì ló lè tú lébẹ́ẹ̀lì irú ọjà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ di ti 1940.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gbọ́ ìtàn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ta àṣẹ́kù fún ará ìlú, àwọn tó ń gun alùpùpù sì rà á gan-an, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ òfurufú Spitfire. Ẹ béèrè fọ́tò àti ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò awakọ̀ náà. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn ikọ̀ RAF wà ní National Archives ní Kew, lábẹ́ AIR 27. Ẹ lè lọ wo bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Nàìjíríà náà. Emanuel Peter John Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́fíísà RAF lọ́dún 1942. Akin Shenbanjo náà bá ikọ̀ 76 fò nínú ọkọ̀ Halifax. Ẹni tó bá kọ orúkọ èké sínú jákẹ́ẹ̀tì ń ba ẹ̀rí jẹ́ mọ́ irú wọn lọ́wọ́, ó sì máa ń dùn mí. Bí ẹ bá mọ ìdílé tí irú ẹrù yìí ṣì wà nínú àpótí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ya ìwé àti fọ́tò kúrò lára rẹ̀.

Ní ti iye owó, iye tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é. Awọ ló ṣáájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n: èyí tó tóbi ń wọ́n jù torí àwọn èèyàn ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́. Níbi gbàǹjo, ẹ ṣírò owó onígbàǹjo mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, 800 pọ́n-ùn tí ẹ pè á di 1,000.

Tó bá dé ilé, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ fi aṣọ di háńgà tó fẹ̀ kó nípọn, kí ẹ gbé e kọ́ síbi tútù tó gbẹ, láìfi ọ̀rá bò ó. Kòkòrò tí ń jẹ irun nìkan ló lè mú kí ẹ lo ọ̀rá. Ẹ wé e pinpin, kí ẹ tì í sínú fíríísà tó wà ní 18 nísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u lọ́jọ́ yẹn. Omi á gbá jọ sára ọ̀rá. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí i.