Wúfà Tó Wà Lódì

Bí wúfà méjì, ìyẹn sípíkà tó ń gbé béèsì jáde, bá wà nínú búùtù ọkọ̀ tí béèsì wọn kò sì rinlẹ̀, àlàyé tí rẹ́wáyà sábà máa ń ṣe ni pé féèsì wọn kò bára mu. Òótọ́ ni lójú onímọ̀ físíìsì. Ṣùgbọ́n létí ẹni tó ni ọkọ̀, ní Ìjagun tàbí ibikíbi ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, féèsì ti di orúkọ okùn iná: mẹ́ta ni wọ́n lórí òpó, ọ̀kan lè lọ kí méjì ṣì máa tàn, a sì máa ń bẹ oníná pé kó yí wa sí òmíràn. Ẹni tó gbọ́ féèsì níbi wúfà lè tètè rò pé iná ni kò tó, kó sì lọ ra bátìrì tí kò nílò. Èdè wa ti ní ohun tó ṣe kedere ju èyí lọ: ọ̀kan nínú wọn wà lódì.

Ẹ wo iṣẹ́ wúfà fúnra rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ méjì ló ní, pupa àti dúdú. Ẹ fi orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, oní fóltì 1.5, kan pupa, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan dúdú: awọ wúfà yóò ta síta. Ẹ yí bátìrì náà padà, awọ yóò wọnú. Tí a bá so wúfà kejì lódì, ìgbà tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ síta ni èkejì ń fà á wọlé. Béèsì ni èyí ń pa jù, nítorí ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Ìgbì náà gùn ju ọkọ̀ kékeré lọ, nítorí náà ìtì àti ìfà bá ara wọn nínú ọkọ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Bí ẹni méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, ọmọ odó kan ń lọ sókè bí èkejì ti ń balẹ̀, iyán á sì kúnná. Irú ìgún bẹ́ẹ̀ gan-an ni béèsì kò fẹ́. Ìdí nìyí tí “wọ́n jọ ń dún” kò fi tó láti sọ, nítorí wúfà tó wà lódì náà ń dún. Ohun tó yẹ ká sọ ni pé wọ́n jọ ń jáde, wọ́n jọ ń wọlé.

Àwọn kan lè ní òdì ń rùn bí ìjà, nítorí a máa ń sọ pé ènìyàn méjì yan ara wọn lódì. Ṣùgbọ́n ta ni aṣọ tí a wọ̀ lódì ń bá jà? Aṣọ náà kò ya, ojú rẹ̀ nìkan ló yí. Bákan náà ni wúfà yìí: kò bàjẹ́, iná rẹ̀ kò sì dín. Kí a má sì fi òdìkejì rọ́pò rẹ̀. Òdìkejì ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà. Wúfà tó wà ní òdìkejì búùtù lè jẹ́ èyí tí a so dáadáa.

Àtakò tó lágbára jù ni pé féèsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíyí padà nìkan. Bọ́tìnnì kan wà lára àwọn ampilifáyà kan tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti dígíríì 0 dé 180, òdì kò sì lè sọ ohun tó wà láàárín. Mo gbà. Ibẹ̀ ni “ṣáájú” àti “pẹ́ lẹ́yìn” ti wúlò: béèsì láti búùtù lè pẹ́ lẹ́yìn ohùn sípíkà ilẹ̀kùn iwájú. Òdì náà sì ń béèrè pé, lódì sí èwo? Bí a bá so wúfà méjèèjì lódì, wọ́n ṣì jọ ń jáde, àmọ́ wọ́n lè máa tako sípíkà iwájú. Kí awakọ̀ jókòó sáyè rẹ̀, kí a yí wáyà àwọn méjèèjì padà. Ibi tí béèsì ti kún jù ni kí a fi wáyà náà sí.

Fífi èdè wa ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì báyìí kì í ṣe ohun tuntun. Láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, Babs Fafunwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní Ìjagun, Yunifásítì Tai Solarin ti ń tọ́ olùkọ́ láti 2005. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé iná mànàmáná níbẹ̀ lè gbé wúfà kan àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan sórí tábìlì, kó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìgbà tó wà lódì.