Irúgbìn Nọ́sìrì, Irúgbìn Ojú Oko

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irúgbìn ẹ̀fọ́ rí. Àwọn kan ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ́ wọn ní nọ́sìrì kí a tó lọ́ wọn sí oko, àwọn mìíràn kò ní fojú ire wò ó tí a bá fà wọ́n tu nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbòǹgbò wà lára ohun tó ń pín wọn níyà.

Ilá a máa ta gbòǹgbò kan ṣoṣo wọlẹ̀ kíákíá. Tí a bá fà á tu láti lọ́ ọ, gbòǹgbò náà á já, igi rẹ̀ á sì rán. Ẹ̀gúsí àti elégédé náà kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan gbòǹgbò wọn. Ibi tí wọn yóò ti so ni kí a gbìn wọ́n sí. Irúgbìn ilá tó bá sun inú omi mọ́jú kí a tó gbìn ín á tètè hù. Ti ewédú yàtọ̀, nítorí èèpo rẹ̀ le: a ó di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, a ó rì í bọ omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, a ó sì sá a kó gbẹ, ká tó fọ́n ọn. Tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, iyanrìn gbígbẹ la fi ń pò ó kó má baà ṣù jọ lójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti tó fà. Tó bá jẹ́ fífà la fẹ́ fà á, iṣẹ́ àṣedànù ni kíkó o sí nọ́sìrì.

Ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ata, tòmátì àti ikàn ń fẹ́ ìtọ́jú láti ìgbà èwe. Ata lè lo ọ̀sẹ̀ 2 kó tó yọjú. Lójú oko, koríko á ti bò ó, òjò ńlá sì lè wọ́ ọ lọ. Ẹni tó bá ṣe nọ́sìrì sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ní oṣù Kejì yóò ti ní ọmọ ata tó lágbára nígbà tí òjò bá rọ dáadáa ní oṣù Kẹrin. Omi àpọ̀jù ló ń pa púpọ̀ nínú wọn: ìdí wọn á rà, wọn á sì wó lulẹ̀. Àárọ̀ ló dára láti bomi rin wọ́n, kí ojú ilẹ̀ lè gbẹ kó tó di alẹ́.

Tòmátì ń tó lọ́ ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ata ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 7. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́: ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lílọ́ wọn, a ó máa dín ìbòòji àti omi kù díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la ń lọ́ wọn, pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí wọn. A lè ri tòmátì dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, nítorí igi rẹ̀ á ta gbòǹgbò. Ata kò gbọdọ̀ jìn ju bó ṣe wà ní nọ́sìrì lọ.