Hóró Píǹkì Méjì

Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìwopin, ó gbé ọ̀rá dúdú méjì wá bá mi. Oògùn ọkàn ló wà nínú méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló fi ọ̀kan ránṣẹ́, èyí tó wà ní Houston ló fi èkejì ránṣẹ́. Wàfárìn ni méjèèjì, píǹkì sì ni hóró méjèèjì. Màmá ní ti London ni òun ti ń lò bọ̀, pé ó ti tán, òun sì ti bọ́ sórí ti Houston láti ọjọ́ mẹ́ta. "Ṣebí oògùn kan náà ni, nọ́ọ̀sì? Àwọ̀ wọn ṣáà jọra."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àwọ̀ yẹn fún yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, hóró wàfárìn tó bá jẹ́ píǹkì, mílígíráàmù 5 ni. Ní Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 1 ni píǹkì. Búlúù jẹ́ 3 lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́ 4 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìdá kan nínú márùn-ún oògùn rẹ̀ ni màmá ti ń gbé mì fún ọjọ́ mẹ́ta láìmọ̀. Bó bá jẹ́ pé ti Houston ló kọ́kọ́ lò kó tó bọ́ sórí ti London ńkọ́? Ìlọ́po márùn-ún ni ì bá máa lò, ẹ̀jẹ̀ ì bá sì ti máa dà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ má fi àwọ̀ da wàfárìn mọ̀ láé. Ẹ ní kí aláìsàn gbé páálí oògùn wá, kí ẹ fi ojú ara yín ka iye mílígíráàmù tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ní Ìwopin níbí, ní Abígí, ní Ìbíadé, títí dé Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó: ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ní kẹ́mísìtì. Dókítà ọkàn tó kọ wàfárìn fún aláìsàn wà ní Ṣágámù, tàbí Èkó, tàbí Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń rí i, bó bá tilẹ̀ rí i. Ẹ̀yin lẹ ń rí i lójoojúmọ́. Bóyá oògùn yìí yóò gba ẹ̀mí là ni o, bóyá yóò gba ẹ̀mí ni o, ọwọ́ yín ló kù sí, ìbéèrè tí ẹ bá sì bi aláìsàn ni yóò sọ èyí tí yóò jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ oògùn náà ṣe lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Wọ́n ń pè é ní oògùn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn ní ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yóò fi àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kún un. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun kò kúkú tó tẹ́lẹ̀, yóò sì dá oògùn náà dúró, tàbí kó máa mu oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ láti fi gbè é. Kò fọ nǹkan kan, kò sì bu omi lu nǹkan kan. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì ni. Báyìí ni mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: ẹ̀kọ tí a bá ń rò lórí iná kì í dì, èyí tó bá dúró jẹ́ẹ́ nínú ìkòkò ló ń dì. Ọkàn tó ń lù ségesège kì í lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde tán, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró sí igun kan nínú rẹ̀, a sì dì. Bí èyí tó dì náà bá já, tó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Mi ò tíì rí ìyá àgbà kan tí kò yé nígbà tí mo bá fi ẹ̀kọ ṣàpẹẹrẹ.

Àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège wà lára àwọn tí ẹ óò máa rí. Àwọn mìíràn ni àwọn tí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí dókítà ń pè ní valve. Ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní Enugu. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún, nílé àti lókè òkun, ń padà wá sílé, wọ́n ń gbé láàárín wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun tó dùn wọ́n ní kékeré, tí a kò fún wọn ní oògùn tó yẹ, ló padà wá ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́. Ẹni tó ní ilẹ̀kùn irin nínú ọkàn, títí ayé ni yóò lo wàfárìn.

Ọmọ aláìsàn kan yóò ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀, yóò wá bá yín pé oògùn eku lẹ ń fún màmá òun. Ẹ má jiyàn, òótọ́ ni. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù tó jẹ koríko kan tó ti bu ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹ̀jẹ̀ títí wọ́n fi kú. Karl Link àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin wá ohun tó wà nínú koríko náà kàn. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe wàfárìn, wọ́n sì kọ́kọ́ tà á fún pípa eku ní 1948. Ní 1954 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé ìwọ̀n ló yàtọ̀, pé nítorí ìwọ̀n yìí gan-an la ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá rẹ̀ wò, kí ẹ sì ní kó bá a ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní lábù.

Àyẹ̀wò náà ni INR. Ẹni tí kò lo oògùn kankan, nǹkan bí 1 ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn wa, àárín 2 sí 3 la fẹ́ kó wà. Dókítà lè fẹ́ 2.5 sí 3.5 fún àwọn kan tó ní ilẹ̀kùn irin. Bí ó bá wálẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ yóò dì. Bí ó bá ròkè jù, ẹ̀jẹ̀ yóò dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò a máa sún mọ́ra. Tó bá ti dúró sójú kan, wọn yóò jẹ́ kó jìnnà síra. Mo mọ ohun tí ìrìn àjò láti Ìwopin dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí a tó tún wá ọkọ̀ Ṣágámù lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ń ná èèyàn. Nítorí owó ọkọ̀ ni àwọn aláìsàn ṣe ń fo àyẹ̀wò. Ẹ má pè é ní agídí. Ẹ bá wọn so ó mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ra ọjà tàbí tà á. Bí àwọn méjì bá wà ládùúgbò kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù láti lo wàfárìn, nítorí bí èsì àyẹ̀wò òwúrọ̀ bá jáde, tí dókítà sì fẹ́ yí iye oògùn padà, ó lè ṣe é lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n apẹja tó ń lọ sójú ọ̀sà lálẹ́ kò ní aago ìrọ̀lẹ́ kan náà pẹ̀lú olùkọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí kì í fò lójoojúmọ́, kí ẹ so oògùn mọ́ ọn. Bó bá gbàgbé, tó sì rántí kí ọjọ́ náà tó parí, kó lò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kó fi ti àná sílẹ̀, kó lo ti òní nìkan. Kò gbọ̀dọ̀ lo méjì pọ̀ láti fi dí ti àná, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n sábà ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin onílé kẹ́mísìtì, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù. Ẹ̀fọ́rí mú bàbá, ó ní kí ẹ fún òun ní Alabukun. Láti 1918 ni Jacob Odulate ti ṣe Alabukun ní Abẹ́òkúta, àwọn bàbá wa lò ó, àwa náà lò ó, oògùn tó ní iyì ni. Aspirin wà nínú rẹ̀. Aspirin pẹ̀lú wàfárìn lè tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ikùn, àfi bí dókítà bá dìídì kọ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibuprofen àti diclofenac tí ẹ ń tà fún ara ríro. Paracetamol ni kí ẹ fún un, níwọ̀nba. Flagyl àti Septrin a máa ti INR sókè fíofío. Ẹni tí inú ń run tó wá ra Flagyl kò ní rántí sọ wàfárìn fún yín bí ẹ kò bá béèrè. Oògùn ikọ́ ife kan tó ń jẹ́ rifampicin ń ṣe òdìkejì, ó ń pa agbára wàfárìn, ó sì tún ń sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú, tí aláìsàn yóò fi rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Kí ọwọ́ yín tó kan oògùn kankan lórí pẹpẹ, ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?"

Èmi náà kò béèrè nígbà kan. Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọkùnrin kan wọlé, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ní abẹ́rẹ́ lòun fẹ́. Mo gún un ní ìdí. Ní ọjọ́ kejì ìdí rẹ̀ ti wú, ó ti le, àwọ̀ rẹ̀ ti di dúdú, ìyàwó rẹ̀ sì mú páálí wàfárìn jáde látinú báàgì. Ó yè, ṣùgbọ́n ó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí ibùsùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí rẹ̀ kò sì kúrò lójú mi títí dòní. Ẹni tó bá ń lo oògùn yìí, ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ sínú ẹran ara láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló ní kí ẹ ṣe é. Bí ó bá fẹ́ yọ eyín tàbí sín gbẹ́rẹ́, kó kọ́kọ́ wá rí yín. Ẹ má bú àgbo níwájú aláìsàn. Bí ẹ bá bú u, yóò máa mu ún, kò sì ní sọ fún yín mọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ irú èyí tó ń mu, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kó dáwọ́ dúró títí dókítà yóò fi gbọ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀rù ẹ̀fọ́ ti ba àwọn aláìsàn kan débi pé ìkọ́kọrẹ́ àti gààrí nìkan ni wọ́n ń jẹ. Òótọ́ ni pé fítámì K tó wà nínú ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ugwu ń ṣiṣẹ́ lòdì sí wàfárìn. Fítámì K yẹn náà ni ilé ìwòsàn fi ń gba ẹni tí wàfárìn rẹ̀ pọ̀ jù sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ má ní kí wọ́n ṣíwọ́ ẹ̀fọ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí dókítà fi oògùn bá a mu. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ gígùn, ti Kìrìsìtẹ́nì tàbí ti Mùsùlùmí, kó sọ ṣáájú. Ògógóró kò dára fún wọn rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti bi ọ̀dọ́bìnrin tó ń lo wàfárìn léèrè nǹkan oṣù rẹ̀. Oògùn yìí lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá oyún. Bó bá kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí ọmọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. Kó tó lóyún ló yẹ kó rí dókítà. Bí oyún bá ti dé, kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ heparin wà tí kì í dé ara ọmọ inú.

Wọn yóò sọ fún yín pé oògùn tuntun ti dé tí kò nílò INR: rivaroxaban, apixaban, dabigatran. Ó dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò dára fún onílẹ̀kùn irin: ní 2012, wọ́n dá ìwádìí kan dúró láìtọ́jọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì àti ẹ̀jẹ̀ dídà pọ̀ lára àwọn tó ń lo dabigatran ju àwọn tó ń lo wàfárìn lọ. Ìwádìí mìíràn jáde ní 2022 lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 4,500 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, àwọn tí àrùn ọ̀nà ọ̀fun ti ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́, tí ọkàn wọn sì ń lù ségesège. Ikú tó pa àwọn tó lo rivaroxaban pọ̀ ju èyí tó pa àwọn tó lo wàfárìn àti irú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀ oògùn nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bí aláìsàn bá ṣubú nínú ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọ̀kadà gbé e ṣubú, tó fi orí gbálẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kódà bí ẹ kò rí ẹ̀jẹ̀, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ pupa, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, orí fífọ́ tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ má sọ pé ilẹ̀ yóò mọ́. Ẹnu tó ṣàdédé wọ́, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó lọ́, ẹ má ṣe dúró ti ọkọ̀ tí yóò kún.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ẹ̀yìn káàdì gbogbo ẹni tó ń lo oògùn yìí ní agbègbè yín. Mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá pè lóru, ẹ gbé e.