Ìrìn-àjò Àkọ́kọ́ Nínú Ọkọ̀ Òfurufú

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ó ti wù kí olùkọ́ ṣàpèjúwe ilẹ̀ òkèèrè tó lórí pátákó, ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì máa fà sí fífi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-ìwé mìíràn fi ń kó ọmọ kíláàsì kan jọ pẹ̀lú olùkọ́ wọn, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wo ìlú ẹlòmíràn. Ẹ fi ọkàn yàwòrán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan: ilé rẹ̀ wà ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún tọ̀sán-tòru; ilé-ìwé rẹ̀ wà ní Bàrígà; orílẹ̀-èdè Gánà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, kò sì wọ ọkọ̀ òfurufú rí.

Kì í ṣe òní ni ọmọ ilé-ìwé Èkó ti ń rìn lọ sí òkèèrè. Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School, tí ó wà ní Bàrígà láti ọdún 1959, ni a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, kàwé nínú rẹ̀. Ní ọdún 1890 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó sì di ọdún 1893 kí ó tó padà wálé. Láyé ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni èrò fi ń wà lójú òkun. Lónìí, ọmọ Ṣómólú lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ nílé ìyá rẹ̀, kí ó sì jẹ ti ọ̀sán ní Àkrà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tilẹ̀ kúrú, ìmúrasílẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrú.

Owó ni ohun àkọ́kọ́. Òbí púpọ̀ a máa fi oṣù púpọ̀ tu owó náà jọ: ìyá a yọ díẹ̀ nínú èrè ọjà, bàbá a fi owó iṣẹ́ òru lé e. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní ka ìrìn-àjò náà sí ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Lẹ́yìn owó ni ìwé. Ó gbọ́dọ̀ ní pásípọ́ọ̀tù, èyí tí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń dá rìn, ó yẹ kí ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, nítorí pé káàdì rẹ̀ kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìwé kan wà tí kò ní wá kiri, èyíinì ni físà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ní ìtàn. Láti ìgbà tí a ti ń pe Gánà ní Gold Coast ni àwọn ọmọ Yorùbá láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìníṣà àti ìlú mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, wọ́n sì gbọ́ èdè ibẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ọjà, ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ohun tí ọwọ́ wọn tó, wọ́n sì gba ojú títì padà wálé. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde, àwọn ará Gánà sì pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe àpò onílà tí wọ́n fi di ẹrù wọn ní Ghana Must Go. Kò sí èyí tí ó lè fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹnìkejì nínú àwọn aládùúgbò méjèèjì yìí.

Ẹgbẹ́ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ṣe àdéhùn ní Dakar ní ọdún 1979 pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lò tó 90 ọjọ́. Àdéhùn náà ni ọmọ Bàrígà yìí ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1983 fi hàn pé ìwé nìkan kò tó. Ìwà àwọn ènìyàn ni ó ń gbé àdéhùn ró. Nítorí náà, bí ìyá àgbà ọmọ náà bá wà lára àwọn tí ó padà wálé ní 1969, kí ọmọ náà jókòó tì í kí ó tó lọ. Kí ó bi í pé: “Ìyá àgbà, ọjà wo ni ẹ ti ń tà? Ta ni ó ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń bọ̀? Kí ni ẹ fi sílẹ̀?” Kò sí ìwé tí olùkọ́ lè kà fún un tí yóò dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí bí ẹnu arúgbó ti lè dáhùn wọn.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò ti gbéra, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà dá wọn dúró. Pápákọ̀ òfurufú tí ó wà ní Ìkẹjà ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed, ẹni tí wọ́n pa ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Níbẹ̀ ni a óò wọn ẹrù wọn, tí a óò yẹ ara wọn wò, tí a óò sì lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù wọn. A kò gbà kí èrò mú ọ̀bẹ wọ inú ọkọ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nítorí náà, kí ọmọ kankan má ṣe yà kúrò lẹ́yìn olùkọ́.

Ẹ̀rù yóò bà á nígbà tí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí bú ramúramù. Ìmọ̀ a máa dín ẹ̀rù kù. Bí a bá gbé páálí pẹrẹsẹ kan ko afẹ́fẹ́ líle, tí a sì gbé etí rẹ̀ iwájú sókè díẹ̀, a óò rí i pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbé e lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń ṣe: ẹ̀rọ ń ti ọkọ̀ síwájú, ìyẹ́ ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti ìyẹ́ sókè. Bí etí rẹ̀ bá dí, kí ó gbé itọ́ mì léraléra. Ọ̀nà tóóró kan wà láti inú etí dé ọ̀nà ọ̀fun. Bí a bá gbé itọ́ mì, ọ̀nà náà a ṣí, agbára afẹ́fẹ́ inú etí àti ti òde a sì dọ́gba.

Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ó lè rí ọ̀sà tí ó mọ̀ ní etí Bàrígà, tí yóò dàbí abọ́ omi, àti òkun ńlá tí ọ̀sà náà ń ṣàn lọ bá. Láti Èkó dé Àkrà tó nǹkan bíi 400 kìlómítà. Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ yóò la Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá, yóò sì dúró ní ẹnubodè mẹ́ta. Ọkọ̀ òfurufú ń fò ó láàárín nǹkan bíi wákàtí kan.

Ohun ìyanu kan ṣì kù. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Ìkẹjà ní aago mẹ́wàá, tí ó sì lo wákàtí kan, aago mẹ́wàá náà ni yóò tún bá ní Àkrà. Kì í ṣe idán. Ìlà tí a fi ń ka wákàtí ayé, èyí tí ó gba Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìlú Tema nítòsí Àkrà pẹ̀lú, aago ìlà náà ni Gánà sì ń lò; ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú bíi 14 péré ni oòrùn fi ń là ní Èkó ṣáájú Àkrà. Ìyókù jẹ́ ìpinnu ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí ẹnubodè náà ti jẹ́ ìpinnu ènìyàn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè bá ṣí pásípọ́ọ̀tù ọmọ náà, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ó ń wò lára rẹ̀. Kí ó kí ènìyàn, kí ó má fi oúnjẹ tàbí èdè wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó wo ibi ìrántí Kwame Nkrumah ní Àkrà, níbi tí ó ti kéde òmìnira Gánà ní ọdún 1957. Bí àyè bá sì wà, kí ó dé Elmina, kí ó rí odi tí àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1482, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú kọjá lọ sí òkè òkun. Àwọn ìyẹn náà rìnrìn-àjò. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ.

Ní alaalẹ́, kí ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Bí ó bá padà dé Ṣómólú, ìyá àgbà ni kí ó kọ́kọ́ jókòó tì, kí ó ròyìn bí ọjà ti rí, bí àwọn ènìyàn ti kí i, àti bí wọ́n ti gbà á lálejò. Owó tí àwọn òbí rẹ̀ tu jọ kò ṣòfò bí ó bá lè ṣe èyí. Ẹni tí ó lọ tí kò lè ròyìn kò yàtọ̀ sí ẹrù tí a kó sínú ọkọ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí ọmọ yìí kò fi ní gba físà?
2. Ọ̀nà wo ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1969 àti 1983 fi jọra?
3. Ṣàlàyé bí ìyẹ́ ṣe ń gbé ọkọ̀ òfurufú sókè.
4. Kọ àròkọ lórí ìrìn-àjò tí àgbàlagbà kan nínú ẹbí rẹ sọ fún ọ.